Àyẹ̀wò ọdún mi: oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ife wàrà

Ọdún ń parí lọ, mo sì jókòó láti ṣírò oṣù mẹ́rin tí mo lò nínú rẹ̀, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìgbèríko àríwá Nàìjíríà, níbi tí mo ti yọ̀ǹda ara mi láti ṣèrànwọ́ fún àwọn ọmọdé tí àìjẹunrekánú ti dá dùbúlẹ̀. N kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi ni kí n máa fi tépù wọn apá àwọn ọmọ láti mọ bí wọ́n ṣe rù tó, kí n máa po wàrà ìtọ́jú, kí n sì máa kọ iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mu sílẹ̀. Àkókò náà ni àká máa ń gbẹ: ọkà ọdún tó kọjá ti tán, tuntun kò tíì gbó, òjò ń rọ̀, ibà sì ń jà.

Kí n tó lọ, mo gbà pé bí ebi bá ń pa ọmọ, kí a ṣáà fún un jẹ. Èrò yìí ni mo kọ́kọ́ kọ sí ọwọ́ gbèsè. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì ń sunkún lóru lẹ́yìn tó ti mu ìwọ̀n tirẹ̀ tán. Àánú ṣe mí, mo sì ti ń bu òmíràn sí ife nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà gba ife náà lọ́wọ́ mi. Kò bínú. Ó ní ẹkún yẹn gan-an jẹ́ àmì rere, nítorí àwọn tó ń ba òun lẹ́rù ni àwọn tí kì í sunkún mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣì wú, ara rẹ̀ kò sì tíì lè gba oúnjẹ púpọ̀. Ó ṣàlàyé pé ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ọmọ tí ebi ti fìyà jẹ pẹ́ ti dín iṣẹ́ wọn kù kí ẹ̀mí má baà bọ́, àti pé bí oúnjẹ bá ya wọlé lójijì, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ lè dà rú títí ọkàn yóò fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wàrà àkọ́kọ́, F-75, fi ní kálórì 75 péré nínú mílílítà 100, tí a sì ń fún un díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru, kí a tó bọ́ sórí èyí tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fo ti òru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè wálẹ̀, kí ara rẹ̀ sì tutù. Ìyá ló ń mú ara náà móoru: yóò gbé ọmọ lé àyà lásán, yóò sì da aṣọ bo àwọn méjèèjì.

Àìjẹunrekánú tó ń mú ẹsẹ̀ wú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kwashiorkor; Dókítà Cicely Williams ló mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé ìṣègùn ní 1935. Èdè Gã ti Ghana ni ó ti rí i, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àìsàn tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò bá dé. Mo rí ìtumọ̀ yìí lójú ara mi lára ọmọ tí mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ojú ibẹ̀ kò padà sípò, tí ìyá rẹ̀ sì pọn ọmọ jòjòló sẹ́yìn.

Ọmọ mẹ́ta nínú àwọn tí mo wọn apá wọn kò padà sílé. Kì í ṣe pé wàrà kò sí. Wọ́n pẹ́ dé ni. Mo dá àwọn ìyá lẹ́bi nínú ọkàn mi, títí mo fi gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti rìn láti ìdájí, lẹ́yìn tó fi ọmọ mẹ́rin mìíràn sílẹ̀ fún ìyá àgbà tí kò ríran dáadáa, tí oko sì ń dúró dè é. Bákan náà ni mo kà á sí àìgbọràn nígbà tí ọmọ kan tí a dá sílé pẹ̀lú oúnjẹ ẹ̀pà ìtọ́jú inú àpò ọ̀rá padà wá ní rírù. Àpò kan ní nǹkan bí kálórì 500, ti aláìsàn nìkan sì ni. Ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò máa fún ẹnì kan lójú àwọn yòókù tí ebi ń pa?

Àwọn àwòrán tí mo yà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ti pa gbogbo wọn rẹ́.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹ̀mí bá wà, oṣù kẹrin ni mo fẹ́ lọ, kí àká tó gbẹ, kì í sì í ṣe láti lọ po wàrà. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ìyá fúnra wọn bí a ṣe ń lo tépù tí a fi ń wọn apá, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún tí apá rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 kò gbọdọ̀ dúró nílé di ọ̀la. A ti dán an wò pẹ̀lú ìyá mẹ́fà ní oṣù kẹsàn-án. Ọ̀kan nínú wọn wọn apá ọmọ aládùúgbò rẹ̀, ó sì mú un wá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.