Bí máìkì bá yadi lórí kọ̀ǹpútà

Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ kọ́ mi ni pé, bí máìkì bá yadi lójijì, kí ẹ má tíì náwó lé òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ wo ìlà ohùn inú Audacity, áàpù tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀. Bó bá ń mì díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n ohùn ló kéré. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, tàbí tó ń kọ “Error opening recording device”, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ò fún áàpù náà láyè.

Lórí Windows 11, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Privacy & security, kí ẹ tẹ Microphone. “Microphone access” tó wà lókè kan gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà. Bó bá jẹ́ ti ibi iṣẹ́ ni, alábòójútó ló máa bá yín tàn án. “Let apps access your microphone” ló tẹ̀ lé e. Èyí tí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò wà nísàlẹ̀ pátápátá: “Let desktop apps access your microphone”. Abẹ́ rẹ̀ ni OBS (áàpù tí wọ́n fi ń gba fídíò sílẹ̀), Chrome àti Audacity tí ẹ gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa rí àkókò tí áàpù kọ̀ọ̀kan lo máìkì gbẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn àkọsílẹ̀ yẹn gan-an, torí ó ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ bóyá áàpù tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ máìkì rárá.

Ti Mac tún le díẹ̀. Láti Mojave, ẹ̀dà macOS ti ọdún 2018, ni áàpù kọ̀ọ̀kan ti ń tọrọ àyè, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń béèrè. Bí ẹ bá ti tẹ “Don’t Allow”, áàpù á máa gba òfìfo sílẹ̀ láìké gbàjarè. Ẹ wọ System Settings, Privacy & Security, Microphone, kí ẹ tàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Command àti Q pa áàpù náà kí ẹ tó tún un ṣí. Bọ́tìnnì pupa kàn ń pa fèrèsé dé ni. Bí orúkọ áàpù ò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ èyí sínú Terminal, áàpù tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí lórí Mac:

tccutil reset Microphone

Gbogbo áàpù á tún béèrè látìbẹ̀rẹ̀.

Nínú Chrome, ojúlé kọ̀ọ̀kan tún ń gba àyè tirẹ̀, níbi àmì tó wà lápá òsì àdírẹ́sì. Bí àdírẹ́sì ò bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, Chrome ò ní béèrè rárá.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣí, tí ìlà ṣì tẹ́, ẹ wo kíbọ́ọ̀dù. Lórí ọ̀pọ̀ ThinkPad, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbèéká Lenovo, F4 ló ń pa máìkì. Bí iná orí rẹ̀ bá ń tàn, ó ti pa á nìyẹn.