Ẹ gba ìwé kí ẹ tó sanwó: ọ̀rọ̀ mi fún ẹ̀yin dírẹ́bà tuntun ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọkọ̀ lé lọ́wọ́, mi ò ní kọ́ yín níbi tó yẹ kí ẹ dúró sí ní Ouando. Ẹ mọ ìyẹn. Fourrière, ọgbà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé sí, lọ̀rọ̀ mi wà, níbi tí mo ti ń rí yín tí ẹ ń dọ̀bálẹ̀, tí ẹ sì ń fi owó sọ́wọ́ ẹni tí kò fún yín ní ìwé kankan.

Àkọ́kọ́, owó gbígbé ọkọ̀ yàtọ̀ sí owó ìṣọ́, ojoojúmọ́ sì ni ti ìṣọ́ ń lé sí i. Ẹ má máa jiyàn kí ọjọ́ máa lọ.

Èkejì, ìgbìmọ̀ ìlú ló ń fọwọ́ sí iye tí mairie, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, ń gbà. Kì í ṣe ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú ló ń dá a lé yín. Ẹ gba quittance, ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ san.

Ẹ jẹ́ n dúró níbí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣì ń dùn mí. Ó lọ sìnkú ìyá rẹ̀ ní Kétu, ẹni tó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbé e sí ibi tí kò yẹ, wọ́n sì wọ́ ọ lọ sí fourrière. Nígbà tí a débẹ̀, bátìrì ti lọ, táyà ìpààrọ̀ ti lọ, dígí ẹ̀gbẹ́ sì ti fọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Báyìí la ṣe bá a." Ọ̀gá rẹ̀ bi wá pé, "Ìwé wo lẹ ní?" A ò ní. Kò sí ẹni tó kọ bí ọkọ̀ ṣe wà nígbà tí wọ́n gbé e. Ní gbogbo ìgbà tí à ń jiyàn, owó ìṣọ́ ń lé sí i. Owó àjọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló fi ra bátìrì míì, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì ṣì jókòó síbẹ̀ dòní.

Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990, sọ ní àpilẹ̀kọ 22 pé gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí ohun ìní rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ yín lọ, tiyín ṣì ni! Ẹ fi fóònù ya á kí ẹ tó fi í sílẹ̀ níbikíbi. Ní fourrière, ẹ yí i ká pẹ̀lú wọn kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí mairie, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò bá mọ lẹ́tà náà kọ, kó wá bá mi ní gáréèjì kó tó fún ẹnikẹ́ni lówó.