Bàbá yín ò tan-án rí

Ọ̀rọ̀ tí Màámi sọ láàárọ̀ ò tíì kúrò létí mi. Mo kàn yọjú sí wọn pé òní ni ọ̀gá oní-ẹ̀síì máa fa gáàsì sínú ẹ̀síì píkọ́ọ̀pù Bàámi, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ní, "Bàbá yín ò tan-án rí." Ìyẹn nìkan. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Ò tan-án rí báwo? Mo rántí ẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ la ti ń bọ̀, èmi ni mo wà láàárín àwọn méjèèjì, oòrùn ọ̀sán ti mú gbogbo páànù mọ́tò gbóná, atẹ́gùn tútù wá ń fẹ́ sí mi lórúnkún. Orúnkún o, kì í ṣe ojú, torí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n so ẹ̀síì ọ̀hún mọ́. Ó tún ní òórùn kan báyìí, bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí. Àbí mo lá a ni?

Mo dé ìsọ̀ àwọn oní-ẹ̀síì ní Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, kí aago mẹ́sàn-án tó lù. R12, gáàsì ẹ̀síì tí mọ́tò yìí ń lò tẹ́lẹ̀, ti dàwátì, láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò ní Montreal lọ́dún 1987 pé ó ń jẹ ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn lójú ọ̀run ni wọ́n ti ń pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀. 134a, gáàsì tó rọ́pò ẹ̀, la fẹ́ lò, kì í sì í bá ọ́ìlì àtijọ́ rẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fọ gbogbo páìpù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rọ́bà róbótó ojú ìdè, tí wọ́n fi dráyà tuntun, èyí tó ń fa ọ̀rinrin mu, sí i. Lónìí wọ́n gbé pọ́ńpù lé e, ó fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú ẹ̀ jáde fún ìṣẹ́jú 45, ọwọ́ géèjì búlúù, tó ń ka agbára ohun tó wà nínú páìpù, wálẹ̀ kọjá òdo. Ọ̀gá pa pọ́ńpù, ó ní ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Tó bá fi lè gòkè padà, ó ń jò níbì kan nìyẹn. A ń wò ó. Ìdajì wákàtí odindi, àyà mi ń lù kìkì, kò mira.

Wọn ò fa gáàsì náà kún tó ti àtijọ́ o. Ibi tí R12 bá ti gba 100, 134a ò ju 80 sí 85 lọ, tó bá pọ̀ jù kò ní tutù. Nígbà tí a gbé e bọ́ sí títì, tẹmómítà tí wọ́n ki bọ ẹnu ihò ẹ̀ ka ìwọ̀n Celsius 9, níta ń jó bí iná. Nígbà tí a bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ó gòkè sí 14, torí atẹ́gùn ò kọjá lára kọ́ńdẹ́ńsà, ibi tí gáàsì ti ń tú ooru dànù. Fáànù kan sí i ló kù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màámi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí ọ̀gá tú kọ̀mpurẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri, ó ní ara ẹ̀ ò jẹ rárá, àfi bí èyí tí wọn ò lò. Ó sọ ọ́ bí ìròyìn ayọ̀. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì mọ̀dí ẹ̀ nígbà yẹn.

Páìpù bàbà kan wà tí wọ́n yọ. Mo fi àkísà nu ẹrẹ̀ ara ẹ̀, mo rí kókó kan tó tó èkùrọ́, ẹnì kan ti jó o níbẹ̀ rí, ó sì jó o dáadáa, kò dá ojú abẹ́rẹ́ kan sí. Ta ló máa náwó jó páìpù ẹ̀síì tí kò ní tan-án? Bàámi tó ń pa ẹ́ńjìnnì tó bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ torí epo. Àbí wọ́n jó o tán, wọn ò tún wá tan-án... Ìyẹn náà jọ wọ́n.



Ká sòótọ́, mo ti ń bínú sí Màámi láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wa mọ́tò bọ̀ nílé, tí mo ti gbogbo wíńdò, tí ara mi tutù, ṣe ni mo tún ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Bóyá wọn ò tiẹ̀ bá mi jiyàn. Ọdún mélòó ni obìnrin yìí fi jókòó sápá ọ̀tún yẹn, Ìlọrin o, Ọ̀yọ́ o, tí wọ́n ń fi ìborùn nu òógùn, tí ẹ̀síì wà lọ́ọ̀kán orúnkún wọn. Bàbá yín ò tan-án rí. Ó lè jẹ́ pé ó ń dùn wọ́n ni. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣa tí ọ̀rọ̀ kàn bọ́ lẹ́nu wọn.

Nírọ̀lẹ́ mo ní kí Màámi wá jókòó sínú mọ́tò wò. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n fà á padà, wọ́n wá ká ìró sókè díẹ̀ lórúnkún. Mi ò mọ̀gbà tí mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ torí epo, wọ́n ní, "Má tíì pa á."

Mi ò pa á. Ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. Mi ò bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ páìpù yẹn, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, bóyá lọ́la...