Òkú Olókùú

Ọ̀rọ̀ kan ń yí mi nínú láti ìrọ̀lẹ́. Màmá Ìbejì ló sọ ọ́. Wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn fèrèsé. Wọ́n ń bá màámi ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Òkú olókùú ni ọmọ yín ń sunkún rẹ̀ kiri. Òkú tiwa ńkọ́?" Màámi ò fèsì, ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lọ. Bóyá àìfèsì yẹn ló dùn mí ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Òní kúkú ti kọjá lọ ṣá. Òjò rọ̀ láàárọ̀, kò síná, mo lọ sí kíláàsì mo dé, mo fọ aṣọ.

Òkú olókùú. Mò ń fọ aṣọ, mò ń tún un sọ. Ohun tó jẹ́ kó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ ni pé ibi tí mo kà dé nínú ewì Virgil, akéwì Róòmù àtijọ́, òkú olókùú ló kún ibẹ̀. Aeneas, ẹni tí àwọn ará Róòmù ń pè ní bàbá ńlá wọn, ti sá kúrò ní Troy, ìlú rẹ̀ tí àwọn Gíríìkì dáná sun, ìjì ti tú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ká, omi gbé e dé etíkun Áfíríkà, níbi tí Tùnísíà wà lónìí. Wọ́n ń kọ́ ìlú Carthage lọ́wọ́. Ó wọ tẹ́ńpìlì òrìṣà Juno, ó gbójú sókè, ó rí ogun ìlú tirẹ̀ tí wọ́n yà síbẹ̀. Priam ọba Troy wà níbẹ̀. Hector ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí Achilles, jagunjagun Gíríìkì, wọ́ nílẹ̀ yí odi ìlú ká lẹ́ẹ̀mẹta. Memnon adúláwọ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun ìjà rẹ̀. Aeneas tún rí ara rẹ̀ láàárín àwọn tó ń jà. Ó bú sẹ́kún, ó sì sọ fún Achates ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó má fòyà mọ́, pé níhìn-ín náà, ojú ènìyàn ń ṣomi nítorí ohun tó ń dé bá ọmọ aráyé.

Àwọn tó ya àwòrán yẹn ò bá wọn jagun. Òkun ló wà láàárín wọn. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀ látìgbà tí ilé ti jó.

Mo tilẹ̀ dìde, mo fẹ́ lọ bá Màmá Ìbejì kí n sọ ọ́ fún wọn bó ṣe wà lẹ́nu mi. Mo tún jókòó. Torí pé kò sí ará Róòmù tó ka ewì yẹn láyé Virgil tí kò mọ ohun tí Róòmù fi Carthage ṣe ní ọdún 146 ṣáájú ìbí Jésù. Wọ́n dáná sun ìlú náà, wọ́n kó àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́rú. Ìlú tó ṣàánú bàbá ńlá wọn, àwọn ọmọ bàbá ńlá yẹn ló pa á rẹ́. Virgil mọ̀. Ó mọ̀, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí wá ni ẹkún ọ̀hún ṣe fún àwọn tó sun ún? Mo ti da èyí rò títí, ó ń rẹ̀ mí.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni màámi wọlé wá jókòó tì mí. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n ní, "Ta ni wọ́n pa nínú èyí?" Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá.

Ti Astyanax ló wá sí mi lẹ́nu, èyí tó wà nínú eré Euripides, òǹkọ̀wé eré Gíríìkì àtijọ́. Ọmọ Hector ni, ọmọ kékeré. Nígbà tí Troy ṣubú, àwọn Gíríìkì ní kò gbọdọ̀ dàgbà, wọ́n jù ú sílẹ̀ láti orí odi ìlú. Ọkọ̀ ti gbé ìyá rẹ̀ lọ sóko ẹrú. Hecuba, ìyá bàbá rẹ̀, ló kù tí yóò sin ín, kò sì sí pósí, asà bàbá rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Hecuba bá òkú ọmọ náà wí: ṣebí ìwọ lo máa ń rọ̀ mọ́ mi láṣọ, tí o máa ń ní bí mo bá kú wàá gé irun rẹ fún mi, wàá kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ wá sídìí sàréè mi? Irọ́ lo pa. Èmi arúgbó ló wá ń sin ìwọ. Ó tún yíjú sí asà. Ó rí ojú ibi tí ọwọ́ Hector máa ń dì mú. Ó rí àmì òógùn létí rẹ̀, òógùn tó máa ń ṣàn láti iwájú orí ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá gbé irùngbọ̀n lé e lójú ogun.

Màámi mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn." Wọ́n ní kí n tún ibi òógùn yẹn kà.

Mi ò sọ ìyókù fún wọn. Mi ò sọ pé ọdún 415 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ṣe eré yẹn ní Athens, ìlú Gíríìkì, àti pé láìpẹ́ sígbà náà ni àwọn ará Athens gba erékùṣù Melos, tí wọ́n pa àwọn ọkùnrin ibẹ̀, tí wọ́n ta obìnrin àti ọmọdé lẹ́rú. Àwọn náà ló jókòó wo Hecuba. Ipò kejì ni wọ́n fún Euripides nínú ìdíje eré. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n tún kó ọkọ̀ ogun lọ sí Sicily, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì padà wálé. Inú bí mi sí wọn lálẹ́ yìí, àwọn tí mo fẹ́ràn tó báyìí. Ṣé ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òógùn etí asà, ẹ sì dìde lọ wọkọ̀ ogun?

Ṣùgbọ́n ìyá mi gbọ́ ọ. Ẹgbẹ̀rún ọdún méjì àtààbọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, ìyá mi gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó dùn wọ́n.

Ọmọ Òwu ni Màmá Ìbejì, ọmọ Asunkúngbadé. Níléèwé girama, ẹnikẹ́ni ò sọ bí ogun Òwu ṣe rí fún mi. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, òǹkọ̀wé eré, ló gbé àwọn obìnrin Euripides wá sí Òwu nínú eré tirẹ̀, lẹ́yìn tí Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti àwọn asásálà Ọ̀yọ́ ti fọ́ ìlú náà. Hecuba ni mo ń wá kiri tí mo fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó bí ìyá Màmá Ìbejì. Òkú tiwa ńkọ́, wọ́n ní. Ọ̀nà tí mo gbà dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn, ó jìn, àmọ́ mo dé ibẹ̀.

Bí wọ́n bá wá lọ́jọ́ Àìkú, màá ka eré Òwu náà sí wọn létí, bí wọ́n bá gbà. Bí wọn ò bá gbà ńkọ́… Ìdánwò Látìnì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibi tí Troy ti ń jó ló bọ́ sí, mo sì fẹ́ tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó sùn.