Iṣẹ́ tí mo pín fún àwọn ọmọ lọ́nà Kétu

Ìdájí la kúrò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, kí oòrùn tó mú. Bíi 100 kìlómítà ni sí Kétu. Fún àgbà, ìyẹn ò jìnnà, ṣùgbọ́n lójú Ìdòwú tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀nà náà kò lópin. Èrò mi ni pé ìnira tó pọ̀ jù fún ọmọdé nínú ọkọ̀ ni pé kò rí nǹkan ṣe sí ìrìnàjò náà. A gbé e jókòó, a de bẹ́líìtì mọ́ ọn, ó di ẹrù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pín iṣẹ́ fún wọn kí ọkọ̀ tó gbéra.

Táyé ló ń kéde ìlú. Ó ti há wọn sórí: Ṣakẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀, Onígbòlò, Kétu. Kẹ́hìndé ń ka àwọn tábìlì tí wọ́n to ìgò kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó wọlé láti Nàìjíríà, sí lẹ́bàá ọ̀nà. Ìdòwú ń ṣọ́ ewúrẹ́. Bó bá ti rí ọ̀kan, á ké, bàbá rẹ̀ á dá a lóhùn pé, "O ṣeun, ọ̀gá mi," inú rẹ̀ á sì dùn ju ẹni tí wọ́n fún ní súìtì lọ.

Nígbà tí a sún mọ́ Pọ́bẹ̀, ọ̀pẹ gba ọ̀tún, ó gba òsì. Bàbá wọn ní láti ọdún 1922 ni wọ́n ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Táyé rò ó díẹ̀. "Bàbá, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n tán?" A jíròrò lórí ìyẹn títí ọ̀nà fi lọ.

Mi ò fún wọn ní fóònù tí ọkọ̀ bá ń lọ. Inú etí ọmọ mọ̀ pé ara ń lọ, ojú tó tẹ̀ mọ́ fóònù sì ń sọ pé ojú kan la wà. Ìjà àwọn méjèèjì ló ń fa òòyì àti èébì, ó sì ń yọ àwọn ọmọ ọdún méjì sí méjìlá lẹ́nu jù. Iṣẹ́ tí mo pín fún wọn ń mú kí wọ́n máa wo iwájú àti ìta, ìyẹn gan-an sì ni oògùn rẹ̀. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ọsàn ni mo dì. Ẹ̀pà ò wọ inú ọkọ̀ mi nítorí Ìdòwú: bí ọkọ̀ bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀pà lè há a lọ́fun. Níbi tí a ti dúró ra omi, gbogbo wọn ló bá mi sọ̀ kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ni. Láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, inú ọkọ̀ tí a tì sínú oòrùn ti lè pa ọmọ lára.

Lẹ́yìn Onígbòlò, ó ti ń sú wọn. Kẹ́hìndé bẹ Ìyá, ìyá àgbà wọn tó jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ọkọ̀, pé kó pàlọ́. Ìyá kọ̀ jálẹ̀: a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Mo rò pé ẹkún dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni Ìyá, ó ní ìtàn kò ní èèwọ̀ ọ̀sán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àwọn tó tẹ ìlú dó ṣe lọ tọrọ iná lọ́wọ́ Ìyá Pankú, ó sọ ti odi ìlú àti ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ́nà, ó sì sọ bí ogun Dahomey ṣe fọ́ Kétu ní 1886 àti bí àwọn tó kù ṣe padà wá tún un kọ́. Kò fi ohùn ọmọdé sọ ọ́ fún wọn. Bó ṣe máa sọ ọ́ fún èmi náà ló ṣe sọ ọ́. Àwọn ìbejì ò mira. Nígbà tí a dé ìlú, àwọn fúnra wọn ló ní ká kọ́kọ́ yà sí Ìdẹ́nà kí a tó lọ sílé.

Ó wù mí kí àwa òbí máa fi àgbà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, dípò ká máa fi iwájú dá wọn lọ́lá. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti wúlò jù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá san gbèsè àlọ́ rẹ̀. Lọ́nà àbọ̀, àwọn ìbejì fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́. Ìdòwú ní òun ò fi ewúrẹ́ òun fún ẹnikẹ́ni.