Ọdún tí a kò dúró de ìgbà tí ọwọ́ á dilẹ̀

Ọdún ń parí lọ, mo sì jókòó láti wo bó ṣe rìn. Iṣẹ́ lọ dáadáa, ara le, owó wọlé, owó jáde; ìyẹn ò gba àlàyé. Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn jù ni àwọn ọjọ́ tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fi jáde, tí a gun òkè, tí a rin inú igbó, tí a tukọ̀ lójú odò, tí a sì sùn sínú àgọ́. Ibẹ̀ ni ayọ̀ ọdún yìí wà fún mi.

Ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa ò dilẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú wa tó máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́, àwọn méjì ń tọ́mọ lọ́wọ́, ẹnì kan ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, mo sì gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Ohun tí mi ò gbà ni pé ká káwọ́ gbera ká máa wò ó níran. "Bí ọwọ́ bá ti dilẹ̀, a ó ríra" kì í mú ẹnikẹ́ni ríra. Lọ́dún yìí, a kì í túká láìdá ọjọ́ tí a ó tún pàdé. Bàtà ẹlẹ́rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wa tí oníkálukú á ti yọ fóònù. Ìwé tí wọ́n fi pín iṣẹ́ fún nọ́ọ̀sì wa la máa ń kọ́kọ́ wò, torí òun ni kò lè yí tirẹ̀ padà. Ibi tí à ń lọ lè dúró dìgbà tó bá yá. Ọjọ́ ni kò gbọdọ̀ dúró.

Lọ́dún 2018, Jeffrey Hall ti Yunifásítì Kansas gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ojúlùmọ̀ ń lo nǹkan bíi wákàtí 50 pọ̀ kí wọ́n tó di ọ̀rẹ́ lásán, àmọ́ ó ń lé ní wákàtí 200 kí wọ́n tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ẹ wo iye ìgbà tí a máa fẹsẹ̀ kan yà kíra kó tó pé bẹ́ẹ̀! Ọjọ́ kan péré lójú ọ̀nà òkè, láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, wákàtí mẹ́jọ ti lọ sí i.

Bẹ́ẹ̀, wákàtí inú ìrìn yàtọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tí mo bá pè é, á ní kò séwu. Lọ́jọ́ kan tí a dúró mí lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Àìsàn ìyá mi ti le." Okùn náà ti dè tán, ó ṣì ń fà á. A jọ sọ ọ́ títí a fi dé ìsàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì. Mi ò rò pé orí fóònù lè gba ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹni tó lọ́mọ nílé fẹ́ mọ ìgbà tí òun á padà, ìdí nìyẹn tí òfin William Naismith fi wúlò fún wa. Láti 1892 ni ọmọ Scotland náà ti là á kalẹ̀: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tí a bá gùn. Kìlómítà 12 tó ní mítà 600 nínú á gbà tó wákàtí mẹ́ta àti àbọ̀. Òfin yẹn ò ka ìsinmi mọ́ ọn, àwa máa ń kà á, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá la sì ń fi díwọ̀n.

Òkè kan wà tí a ò dé orí rẹ̀. Mànàmáná kọ, àrá sán kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé, ìyẹn ni pé kò jìnnà sí wa ju kìlómítà 10 lọ. A yíjú padà lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn pé kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Nínú oṣù tí iṣẹ́ bá wọ̀ wá lọ́rùn, ìrìn òwúrọ̀ kùtù la máa ń rìn, a ó sì tètè padà. Ìyẹn náà kà.

Sátidé kejì oṣù kìíní ti wà lórí kàlẹ́ńdà gbogbo wa. Àwọn kan ń fẹ́ odò, èmi ń fẹ́ òkè. Nọ́ọ̀sì wa á ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé lọ́jọ́ náà, nítorí náà agogo 11 la máa gbéra.