Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Orúkọ Náà Kọjá Tán

Gbogbo àwa tí a máa ń gbá géèmù títí yóò fi parí ni a mọ àkókò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí: ọ̀tá ìkẹyìn ti ṣubú, orin ti yí padà, ojú tẹlifíṣọ̀n ti ṣú, orúkọ àwọn tí wọ́n ṣe géèmù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di bọ́tìnnì orí pádì mú kí gbogbo rẹ̀ lè sáré kọjá, nítorí pé oorun ti ń kùn wá, tàbí nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí wọn yóò mú iná lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé pádì sílẹ̀, kí ẹ sì jókòó. Ohun tí ojú mi rí ní oṣù tí ó kọjá ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi, ó sì ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi kọ̀ǹpútà ya àwọn nǹkan inú géèmù. Ìbàdàn ni mo wà. Ilé-iṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè ni ó máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ni géèmù, tí yóò sì pín in fún èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Nínú géèmù tí mo ń wí yìí, ẹrù ọjà alẹ́ ni wọ́n gbé fún mi: agbọ̀n, àpótí ẹja, àgbá omi, aṣọ tí wọ́n ta bo ìsọ̀, àti àtùpà kẹrosíìnì kan tí gíláàsì rẹ̀ sán. Ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ wò dá àtùpà yẹn padà fún mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní ojú sísán náà tọ́ jù, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Nígbà tí ó sú mi, mo lọ yọ àtùpà àtijọ́ ìyá mi jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo tan án, mo sì jókòó tì í títí mo fi rí i pé ibi tí gíláàsì ti sán ni èéfín máa ń dúdú sí jù, pé sísán náà sì máa ń yà sí méjì kí ó tó dé ẹnu gíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yà á, wọ́n sì gbà á.

Nígbà tí géèmù náà jáde, mo fi owó ara mi rà á, mo sì ń gbá a díẹ̀díẹ̀ lálẹ́. Mo rí àtùpà mi lórí tábìlì ẹlẹ́ja kan, kò sì sí ẹni tí yóò gbá géèmù yẹn tí kò ní gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi pe ìyá mi wá sí pálọ̀ ní alẹ́ Sátidé tí mo mọ̀ pé n óò parí rẹ̀. Àtùpà wọn ni, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ ọmọ wọn níbẹ̀. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àbúrò mi sì gbé fóònù dání láti ya fọ́tò.

"Àjàní, èwo ni tìrẹ nínú gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Ó ń bọ̀, Màámi. Àwọn ọ̀gá ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ."

Àwọn ọ̀gá kọjá. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn kọjá, àwọn olórin, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn tí ń se oúnjẹ fún òṣìṣẹ́. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ tí àwọn òṣìṣẹ́ bí nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, àṣà tí ó wọ́pọ̀ nínú géèmù, tí mo sì fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ajá kan. Ìyá mi ní, "Ajá kẹ̀?" N kò dáhùn. Lẹ́yìn ajá ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ń pín iṣẹ́ fún wa tó yọ, ìlà kan ṣoṣo, láìsí orúkọ ènìyàn kankan lábẹ́ rẹ̀. Ìlà náà gòkè, ó sì lọ. Mo ṣì ń wò bóyá nǹkan kan tún kù nígbà tí orin dákẹ́, tí géèmù sì gbé wa padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi ni wọ́n wá ọ̀nà àbáyọ fún mi. Wọ́n ní, "Bóyá ìgbà tí mo ń nu awò ojú mi ni ó kọjá. Ẹ dá a padà." Àbúrò mi dá a padà, a sì tún wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n na ìka sí ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn orúkọ náà lọ sókè, títí tí wọ́n fi dé ibì kan tí ojú wọn yọ̀. "Oda nìyí. Yorùbá ni eléyìí, àbí?" Ará Japan ni. Nígbà tí ó tún parí, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Àtùpà yẹn dára o," wọ́n sì lọ sùn. Àbúrò mi kò ya fọ́tò kankan.

Mo kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n ni géèmù náà, wọ́n fèsì, wọ́n sì fi orúkọ wa sí i nígbà tí wọ́n tún géèmù náà ṣe. Orúkọ mi ti wà níbẹ̀ báyìí, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé wọ́n ti sanwó mi. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ ti jẹ nídìí pẹpẹ, owó mi sì pé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a bá fẹ́ wá lẹ́yìn èyí, wọn yóò bi wá pé níbo ni a ti ṣiṣẹ́ rí, wọn yóò sì lọ wo àwọn orúkọ yẹn. MobyGames, ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó ti ń kó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jọ láti ọdún 1999, inú géèmù gan-an ni ó ti máa ń wò ó kọ. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ ni yóò máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba òun gbọ́.

Kì í sì í ṣe èmi ni ó kọ́kọ́ ṣe. Atari, ilé-iṣẹ́ géèmù kan ní Amẹ́ríkà, kì í kọ orúkọ àwọn tí ń ṣe géèmù fún un rárá nígbà kan, ìyẹn ni Warren Robinett fi dọ́gbọ́n kọ́ yàrá àṣírí sínú géèmù tirẹ̀, Adventure, tí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àárín yàrá náà láìjẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Àwọn mìíràn kúrò ní Atari, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Activision sílẹ̀ ní ọdún 1979, wọ́n sì ń kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe géèmù sí ara rẹ̀. Ní Japan, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní kí òṣìṣẹ́ lo orúkọ ìnagijẹ kí ẹlòmíràn má baà fà wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kọ́ ni o. Nígbà tí L.A. Noire jáde ní ọdún 2011, àwọn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọn kò kọ orúkọ wọn. Ní ọdún 2021, ti Metroid Dread tún dé, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àkókò iṣẹ́ náà kò rí orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá jókòó, ẹ máa wo ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ lásán. Àwọn ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ni yóò fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ óò jẹ ní èrè. Ó wà. Nínú Red Dead Redemption 2, àárín àwọn orúkọ náà ni wọ́n ti fi ìgbẹ̀yìn àwọn ènìyàn inú ìtàn hàn, kódà ó gùn, ẹ lè lọ bu omi mu kí ẹ padà. Nínú God of War ti ọdún 2018, lẹ́yìn tí àwọn orúkọ bá kọjá, ẹ padà sí ilé, kí ẹ sì sùn. N kò ní sọ èyí tí ó kù. Nínú ìparí tí ó kẹ́yìn Nier: Automata, àwọn orúkọ náà ni yóò máa yìnbọn fún yín. Àwọn géèmù mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn orúkọ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ pé ẹ ti parí, nítorí náà ẹ má ṣe pa jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó rí i dájú.

Síbẹ̀, orúkọ ni mo ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ béèrè bóyá wọn yóò kọ orúkọ yín àbí ti ilé-iṣẹ́ nìkan, ẹ jẹ́ kí ó wọ inú ìwé náà, kí ẹ sì fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.